Èéfín ń rú jáde nínú ilẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ṣé òkè ayọnáyèéfín ni?

ÌyáIbùkún (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́bọ̀, 7:42 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dá mi lóhùn.

Ó di ọjọ́ kẹta lónìí tí èéfín ti ń rú jáde nínú ilẹ̀ ní etí ọ̀sà níbí, ní ẹ̀yìn ibi tí àwọn onísọ́mìlì ti ń la pákó. A ò rí iná kankan. Ilẹ̀ gbalasa lásán ni. Èéfín á yọ níhìn-ín, á dákẹ́, á tún yọ lọ́hùn-ún. Téèyàn bá dúró síbẹ̀ pẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ á gbóná. Lálẹ́ àná ni ẹnì kan fi ohùn ránṣẹ́ sínú gúrúùpù Wọ́ọ̀sáàpù àwa òbí pé òkè ayọnáyèéfín ló fẹ́ bú, pé kí kálukú máa kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ìyá kan ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ lóòótọ́.

Ibùkún ọmọ mi gbọ́ ohùn náà. JS2 ló wà, ó sì ṣe kòńgẹ́ pé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí ni: kọ oríṣiríṣi òkè ayọnáyèéfín, kí o sì ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bú. Ó wojú mi, ó ní, "Mọ́mì, tiwa yìí, oríṣi èwo ni?" Mi ò rí ìdáhùn kankan fún un. Ìlà mẹ́rin péré ni ìwé wọn kọ lórí ọ̀rọ̀ náà.

AkinEtíỌ̀sà, Ọjọ́bọ̀, 7:58 alẹ́

Mo rí èéfín yẹn láàárọ̀ nígbà tí mo ń lọ sí ọjà ẹja. Àwọn ọmọdé ń fò kọjá lórí ẹ̀. Ohun yòówù kó jẹ́, ẹ ní kí wọ́n kúrò níbẹ̀ ná.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́bọ̀, 8:31 alẹ́

Ìyá Ibùkún, ẹ fọkàn balẹ̀, kí ẹ sì ní kí ìyá yẹn kó àwọn ọmọ rẹ̀ padà wálé. Jọ́gíráfì ni mo fi gbogbo ayé mi kọ́ àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára èyí tí mo fẹ́ràn jù.

Ilẹ̀ tí a tẹ̀dó sí, láti Àgbádárìgì títí dé Ẹ̀pẹ́, iyanrìn àti amọ̀ ni, tí omi ń kó jọ láti àìmọye ọdún. Ẹni tó bá ti gbẹ́ bọ́họ́ọ̀lù rí lè jẹ́rìí mi: iyanrìn, amọ̀, iyanrìn, omi. Ẹ lè gbẹ́ ẹ wọlẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún mítà kí ẹ má kan àpáta, kí á má tíì wá sọ àpáta tó yọ́. Àpáta tó yọ́ sì ni gbogbo ọ̀rọ̀ òkè ayọnáyèéfín.

Inú ayé gbóná. Àmọ́ àpáta kì í dédé yọ́. Orí àwọn àwo àpáta ńláńlá ni ilẹ̀ ayé dúró sí, wọ́n sì ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ṣe ń hù. Ibi tí àwo méjì ti ń fa ara wọn ya, tàbí tí ọ̀kan ti ń wọ abẹ́ èkejì, ni àpáta ti sábà máa ń yọ́. Àwọn ibòmíràn sì wà tí ooru kàn ń gòkè láti ìsàlẹ̀ tó jìn gan-an. Àpáta tó bá yọ́ fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, nítorí náà ó ń wá òkè bọ̀, á sì kó jọ síbì kan lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá ṣì wà nínú ilẹ̀, magma ni wọ́n ń pè é. Bó bá ti jáde, ó di lava.

Ẹ wo ìkòkò ẹ̀kọ báyìí, Ìyá Ibùkún, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Bí ògì bá ṣì ṣàn, tó bá hó, atẹ́gùn inú rẹ̀ á kàn máa yọ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti ki, atẹ́gùn ò ní rọ́nà jáde mọ́. Á kó jọ sábẹ́, á wú, á sì ta pàrà sí ọwọ́ ẹni tó ń rò ó. Bí àpáta yíyọ́ ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Ohun tó ń mú un ki ni èròjà tí wọ́n ń pè ní silica, òun náà ló pọ̀ jù nínú iyanrìn etíkun wa. Èyí tí silica rẹ̀ kéré máa ń ṣàn, ooru rẹ̀ sì tó 1,100 sí 1,200 dígírì. Èyí tí silica pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń ki, ooru rẹ̀ lè má ju 800 lọ.

Gáàsì wá ni ìkejì: oru omi ló pọ̀ jù, carbon dioxide tẹ̀ lé e, pẹ̀lú gáàsì sulphur tó ń rùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, ìwúwo àpáta orí rẹ̀ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bó bá ti ń sún mọ́ òkè, gáàsì náà á máa tú jáde bíi ti mínírà tí ẹ gbọ̀n kí ẹ tó ṣí i. Ẹ fi méjèèjì papọ̀, bó ṣe ki sí àti bí gáàsì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ ó mọ irú òkè tó máa kọ́ àti irú ariwo tó máa pa.

ỌmọÀgbádárìgì, Ọjọ́bọ̀, 9:10 alẹ́

Ẹ ṣeun, Olùkọ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá mi rí.

Ọmọ Ògù ni wá, apẹja ni bàbá mi. Ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ti ń ba etíkun yìí lọ títí dé Kamẹrúùnù tipẹ́. Limbe ni bàbá gbé fún ọdún pípẹ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ó kó iyanrìn bọ̀ wá sílé nínú ìgò. Dúdú ni iyanrìn náà, dúdú bí ẹ̀tù ìbọn. Mo rò pé ó sun ún ni. Ó ní bí etí òkun Limbe ṣe rí nìyẹn, nítorí pé ara Òkè Kamẹrúùnù ni iyanrìn ibẹ̀ ti wá. Lava tó dì ni òkun fọ́ sí wẹ́wẹ́. Ìgò yẹn ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù ìyá mi. Nígbà tí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iyanrìn tiwa tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, mo máa ń rí i kedere pé ilẹ̀ méjèèjì kì í ṣe ọmọ ìyá.

Òkè náà ga tó 4,095 mítà, etí òkun gan-an ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá wà níbẹ̀ nígbà tó bú ní oṣù kẹta ọdún 1999. Ó ní ilẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mì, ògiri ilé sì ń sán ní Buea tó wà lẹ́sẹ̀ òkè náà. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbẹ́ òkè la. Kì í ṣe ṣóńṣó orí rẹ̀ ló ti jáde, ẹ̀gbẹ́ ni. Lálẹ́, wọ́n á rí i tó pọ́n lókèèrè bí ìgbà tí wọ́n ń sun igbó. Lava náà rọra ń bọ̀ wálẹ̀ sí apá Bakingili, títí tó fi gé ọ̀nà mọ́tò tó ti Limbe lọ sí Idenau. Bàbá ní kò yára. Èèyàn lè dúró kó máa wò ó bó ṣe ń wó igi lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún bú ní ọdún 2000, àti ní 2012.

Àwọn Bakweri tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ gbà pé òrìṣà kan ń gbé lórí òkè náà, Epasa Moto lorúkọ rẹ̀. Bàbá kì í fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré rárá.

Onísìmẹ́ńtì_Ìkòròdú, Ọjọ́bọ̀, 9:26 alẹ́

Mo ń ta òkúta àti yanrìn ní Ìkòròdú. Òkúta tí wọ́n ń fọ́ wá fún wa láti apá Abẹ́òkúta, ṣé inú iná ló ti wá? Olúmọ ńkọ́? Àpáta Ìdànrè ńkọ́? Mo ti gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn pé òkè ayọnáyèéfín tó ti kú ni wọ́n.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́bọ̀, 9:50 alẹ́

Ìbéèrè gidi nìyẹn. Inú iná ni wọ́n ti wá, ṣùgbọ́n wọn ò jáde sóde rí gẹ́gẹ́ bí lava. Magma tó kú sínú ilẹ̀ ni wọ́n. Ó tutù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ fún àkókò tó gùn. Òjò àti afẹ́fẹ́ wá fi ọ̀kẹ́ àìmọye ọdún bó ohun tó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ẹ mú ọ̀kan nínú òkúta tí ẹ ń tà, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbé e sí oòrùn: ẹ ó rí hóró funfun, hóró dúdú, àti èyí tó ń dán. Hóró máa ń tóbi bẹ́ẹ̀ nígbà tí àpáta bá rọra tutù. Àpáta tó bá jáde sóde kì í ráyè, kíá ló ń dì, nítorí náà hóró rẹ̀ kéré débi pé ojú lè má rí i. Òmíràn tilẹ̀ máa ń ní ihò wẹ́wẹ́ nínú bíi búrẹ́dì, níbi tí gáàsì ti sá jáde.

Bí ẹ bá fẹ́ rí òkè ayọnáyèéfín tó ti sùn ní Nàìjíríà, apá òkè ọya ni kí ẹ lọ. Ó wà lórí òkè Jos lápá Panyam àti Kerang, ó wà ní Biu ní ìpínlẹ̀ Borno. Àpáta Wase ní ìpínlẹ̀ Plateau, èyí tó dá dúró gbagidi nínú pẹ̀tẹ́lẹ̀, ọ̀nà ọ̀fun òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ni. Magma dì sínú ọ̀fun náà, ara òkè wá jẹ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ku ọ̀fun nìkan. Ìlà kan náà ni Biu àti Òkè Kamẹrúùnù tí bàbá ỌmọÀgbádárìgì rí. Ìlà náà gba orí òkun kọjá dé Bioko, Príncipe, São Tomé àti Annobón.

Ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ bi mí nípa Ìkógosì: omi tó lọ jìn nísàlẹ̀ ilẹ̀ tó sì gbé ooru ibẹ̀ bọ̀ ni. Kò sí òkè ayọnáyèéfín kankan níbẹ̀.

ÌyáIbùkún (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Ọlọ́run á bù kún yín. Ibùkún ò tíì sùn, ó jókòó tì mí, ó ń kà á. Ó ní kí n bi yín pé oríṣi mélòó ni gan-an, torí ìwé wọn kọ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní mẹ́fà ni wọ́n kọ́ òun.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́bọ̀, 10:48 alẹ́

Ibùkún, má jẹ́ kí iye dà ọ́ láàmú. Àwọn kan ń ka mẹ́ta, àwọn kan ń ka jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kí o mọ̀.

Èkínní ni èyí tó rí bí asà jagunjagun tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀. Lava tó ń ṣàn ló kọ́ ọ. Nítorí pé ó ń ṣàn lọ jìnnà kó tó dì, òkè náà máa ń fẹ̀ gan-an, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ rẹ̀ kì í sì í ga. Mauna Loa ní Hawaii ga tó 4,169 mítà lórí òkun, ṣùgbọ́n bí o bá kà á láti ìsàlẹ̀ òkun, ó ju 9,000 mítà lọ. Ní Áfíríkà tiwa, Erta Ale wà ní Ethiopia, tí lava ti máa ń hó nínú kòtò orí rẹ̀ bí omi inú ìkòkò. Irú òkè yìí kì í sábà pani lójijì. Ilé ló máa ń jẹ. Ní ọdún 2018, Kīlauea ní Hawaii jẹ ilé tó lé ní 700.

Èkejì ni òkìtì. Èyí kéré, ṣùgbọ́n ìtàn kan wà nípa rẹ̀ tí mi ò lè ṣe kí n má sọ fún ọmọ kíláàsì kankan. Ní ogúnjọ́ oṣù kejì ọdún 1943, àgbẹ̀ kan ní Mẹ́síkò, Dionisio Pulido, wà nínú oko rẹ̀, ó ń tún ilẹ̀ ṣe de àgbàdo. Ilẹ̀ la lójú rẹ̀. Ó gbọ́ ìró, èéfín yọ, òórùn sulphur sì gba oko kan. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, òkìtì ti wà níbi tó ti ń roko lánàá, ó ń tu òkúta pupa sókè. Láàárín ọdún kan, ó ti ga ju 300 mítà lọ. Parícutin ni wọ́n ń pè é. Ó ń bú lọ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó dákẹ́ ní 1952 ní gíga 424 mítà. Ìlú San Juan Parangaricutiro wọlẹ̀ sábẹ́ lava, àfi ilé ìṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn tó yọrí jáde títí dòní. Ronú nípa rẹ̀: ẹnì kan ló rí òkè nígbà tí wọ́n ń bí i! Bí wọ́n ṣe ń kọ́ òkìtì rọrùn. Gáàsì ń tu lava sókè ní wẹ́wẹ́, ó ń dì nínú afẹ́fẹ́, ó ń já bọ́ yí ihò náà ká, bí iyanrìn ṣe ń ga nígbà tí típà bá ń dà á.

Ẹ̀kẹta ni onípele. Eérú kan, lava kan, eérú kan, lava kan, títí yóò fi ga tó sì rí ṣóńṣó. Fuji ní Japan nìyẹn, 3,776 mítà. Kilimanjaro nìyẹn. Magma tó ki ló sábà máa ń wà nínú wọn, òun ló ń ta pàrà. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù karùn-ún 1980, Mount St. Helens ní Amẹ́ríkà bú. Magma ti ń wú ẹ̀gbẹ́ kan òkè náà bí oówo fún bí oṣù méjì. Ní aago 8:32 òwúrọ̀, ilẹ̀ mì, ẹ̀gbẹ́ náà ya lulẹ̀, ohun tó wà nínú sì bẹ́ jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, kì í ṣe sókè. Èèyàn 57 ló kú. Òkè náà kúrú tó 400 mítà láàárọ̀ ọjọ́ kan.

Ohun tó ń pani jù nínú irú èyí kì í ṣe lava. Ìkùukùu eérú àti gáàsì ni, gbígbóná janjan, tó ń ya wálẹ̀ lára òkè ju bí mọ́tò ṣe ń sáré lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún 1902, irú rẹ̀ láti Mount Pelée pa ìlú Saint-Pierre ní Martinique run láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, bí èèyàn 28,000. Ọ̀kan nínú àwọn ìwọ̀nba tó yè ni ẹlẹ́wọ̀n kan tí wọ́n tì mọ́ inú yàrá olókùúta.

Oríṣi kan tún wà tí a lè pè ní kókó: lava tó ki débi tí kò lè ṣàn, tó kàn wú sójú kan náà. Òmíràn rí bí ìkòkò: òkè tó tú ohun inú rẹ̀ jáde tó bẹ́ẹ̀ tí orí rẹ̀ fi wó sínú ara rẹ̀, tó ku kòtò gbàràmù-gbaramu. Ó tó fún JS2.

ArìnrìnàjòGoma, Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 òwúrọ̀

Olùkọ́, ẹ máa bínú o. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ kí ọmọ yẹn gbé lọ síwájú olùkọ́ rẹ̀ láìtún un ṣe. Mo ṣòwò ní Goma ní Kóńgò fún ọdún mẹ́fà. Òkè Nyiragongo wà lókè orí ìlú náà. Onípele ni, ó ga, ó rí ṣóńṣó. Ṣùgbọ́n lava inú rẹ̀ ṣàn ju ti òkè èyíkéyìí mìíràn tí mo gbọ́ nípa rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kìíní 1977, ẹ̀gbẹ́ òkè la, adágún lava orí rẹ̀ sì gbẹ tán láàárín wákàtí kan. Ó sáré wọ àwọn abúlé débi pé ẹsẹ̀ èèyàn ò lè sá a. Ní 17 oṣù kìíní 2002, ó gba àárín ìlú Goma kọjá, ó bo apá kan pápá ọkọ̀ òfurufú wọn, bí 400,000 èèyàn sì sá. Ó tún wá ní 22 oṣù karùn-ún 2021.

Mo gbé nínú ilé tí wọ́n fi òkúta lava yẹn gan-an kọ́. Ògiri rẹ̀ dúdú. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé èyí tó ń ṣàn kì í pani.

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́ Ẹtì, 7:02 òwúrọ̀

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀tọ́ ni ẹ sọ. Mo sọ ọ́ bí ẹni pé ìrísí òkè ti sọ ohun gbogbo, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Òkè Kamẹrúùnù pàápàá, inú onípele ni wọ́n ń kà á sí, síbẹ̀ lava tó ń ṣàn ló tú jáde ní 1999. Ibùkún, kọ èyí sínú ìdáhùn rẹ: orúkọ tí a fún òkè wà fún bí ó ṣe rí. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ló ń sọ bí yóò ṣe bú.

Òmíràn tó yàtọ̀ pátápátá ni Ol Doinyo Lengai ní Tanzania, tí àwọn Maasai ń pè ní òkè Ọlọ́run. Lava rẹ̀ kò ní silica kankan tó tó nǹkan. Ooru rẹ̀ kò ju bí 500 sí 600 dígírì lọ, ó dúdú bí ẹrẹ̀ nígbà tó ń ṣàn, bó bá sì pẹ́ díẹ̀, á di funfun.

Nọ́ọ̀sì_Ìgbógbó, Ọjọ́ Ẹtì, 1:15 ọ̀sán

Mo ka gbogbo rẹ̀ nígbà ìsinmi níbi iṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ti Nyos kún un, torí kò sí iná nínú rẹ̀ rárá.

Adágún ni Nyos, ní Kamẹrúùnù náà, lórí ẹnu òkè ayọnáyèéfín àtijọ́. Carbon dioxide ń yọ láti ìsàlẹ̀, ó ń kó jọ sínú omi tó wà nísàlẹ̀ adágún. Lálẹ́ ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ 1986, gbogbo rẹ̀ tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Gáàsì yẹn wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó sì rọra ṣàn wọ àwọn àfonífojì níbi tí àwọn èèyàn ń sùn sí. Bí 1,700 èèyàn ló kú, pẹ̀lú ẹran ọ̀sìn tó lé ní 3,000. Ọ̀pọ̀ wọn kò jí lójú oorun. Láti ọdún 2001 ni wọ́n ti ri páìpù wọ inú adágún náà, tí gáàsì fi ń jáde díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi tó ń tú sókè.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ ni pé gáàsì kan náà yẹn lè wà nísàlẹ̀ kànga. Mo ti gba òkú ọkùnrin méjì lọ́jọ́ kan ṣoṣo rí ní ọsibítù níbí. Èkínní sọ̀ kalẹ̀ lọ kó ẹrẹ̀, kò dáhùn mọ́. Èkejì sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé e. Ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ, mi ò tíì gbàgbé ojú ìyá wọn.

Agbẹ́kànga, Ọjọ́ Ẹtì, 2:40 ọ̀sán

Òótọ́ ni nọ́ọ̀sì sọ. Ọ̀dọ̀ bàbá mi ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yìí ní Ìkòròdú. Kò jẹ́ sọ̀ sínú kànga tó ti pẹ́ láìṣí láìkọ́kọ́ so àtùpà mọ́ okùn sọ̀ kalẹ̀. Bó bá kú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá sì ti ṣubú sínú kànga, ẹ má ṣe tọ̀ ọ́ lọ, ẹ fi okùn tàbí ìkọ́ fà á. Mi ò mọ̀ pé ohun tó pa odindi abúlé ní Kamẹrúùnù náà nìyẹn.

AkinEtíỌ̀sà, Ọjọ́ Ẹtì, 4:05 ìrọ̀lẹ́

Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe lè mọ̀ ṣáájú kó tó bú ni?

Olùkọ́Fẹ̀yìntì (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́ Ẹtì, 5:30 ìrọ̀lẹ́

Ó wà. Magma kì í gòkè láìfọ́ àpáta, nítorí náà ilẹ̀ máa ń mì ní kékeré-kékeré, léraléra. Ara òkè máa ń wú. Gáàsì tó ń jáde máa ń pọ̀ sí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó ń wọn gbogbo èyí.

Ẹ gbọ́ ìtàn méjì. Ní Philippines, Pinatubo ti sùn fún bí 500 ọdún. Ní 1991 ó bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Àwọn onímọ̀ gbé ẹ̀rọ wọn débẹ̀, wọ́n kìlọ̀, ìjọba sì kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn kúrò. Ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ló bú, ọ̀kan nínú èyí tó lágbára jù ní ọgọ́rùn-ún ọdún náà. Ìjì líle pẹ̀lú òjò ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Eérú tó rin wúwo débi pé ó wó òrùlé lé àwọn èèyàn lórí, òun ló pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú. Ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló yè nítorí pé wọ́n gbọ́ràn.

Èkejì ni Armero, ní Colombia. Òkè Nevado del Ruiz ní yìnyín lórí. Wọ́n ti ya àwòrán ilẹ̀ tó fi ibi tí ewu wà hàn ní oṣù kan ṣáájú, Armero sì wà nínú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 1985, òkè náà bú. Kò bú púpọ̀. Ṣùgbọ́n yìnyín yọ́, omi rẹ̀ kó eérú àti òkúta, ó di ẹrẹ̀, ó sì ń tẹ̀ lé ojú odò bọ̀. Ó tó wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó dé Armero. Wákàtí méjì ààbọ̀! Ọmọdé lè fẹsẹ̀ rìn gun òkè kan láàárín àkókò yẹn. Kò sẹ́ni tó kó wọn kúrò. Bí 23,000 èèyàn ló kú. Ó máa ń ṣòro fún mi láti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí parí ní kíláàsì.

Ìdí nìyẹn tí ohùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù yín fi dùn mí. Bí a bá fi irọ́ sá lónìí, a ò ní sá lọ́jọ́ tí òtítọ́ bá dé.

ÌyáIbùkún (Ẹ̀pẹ́), Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11:20 òwúrọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Èmi àti Ibùkún lọ síbẹ̀ láàárọ̀ yìí, a sì bá baba kan níbẹ̀ tó ti ń la pákó láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ó ní irà ni gbogbo ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èérún pákó ni wọ́n fi ń dí i láti bí ogún ọdún, tí wọ́n wá da iyanrìn lé e lórí. Ẹnì kan sun pàǹtí níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná náà sì wọ inú èérún pákó lọ. Ó ń jó lábẹ́ ilẹ̀ láìsí ahọ́n iná. Ó ní irú rẹ̀ lè jó fún oṣù kan.

Ibùkún ní òun kò gbọ́ òórùn ẹyin tó bàjẹ́, òórùn igi ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago. Lálẹ́ àná ó ní kí n jẹ́ kí òun ro ẹ̀kọ. Ó dúró títí tó fi ki, ó ta sí i lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì fi orógùn sílẹ̀. Ó ti ya Parícutin pẹ̀lú oko àgbàdo lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí gúrúùpù wa, ìyá tó lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde sì ti wà lọ́nà.

Baba onípákó ní kí n sọ fún gbogbo èèyàn: kí ẹnikẹ́ni má gba orí ilẹ̀ yẹn kọjá, ì báà jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ tàbí ọlọ́kadà. Abẹ́ rẹ̀ ti jó, ó ti ṣófo, ó lè jìn mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ sínú ẹyín iná. Wọ́n ti fi okùn pupa yí i ká láti ẹ̀yìn sọ́mìlì dé etí omi, wọ́n sì ń fa omi ọ̀sà sí i.